Àlàfo Iwájú Orúkọ Fadérera

Ọdún mẹ́ta ni ikọ́ fée fi mú Fadérera jókòó sábẹ́ igi, tí ó ń wo ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ti ń sáré láàárín ìlà méjì, kí tíṣà lè mọ bí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wọn ti lágbára tó. Lónìí, dókítà yọ̀ǹda fún un.

"Màmá àgbà, ẹ rọra o!" ni Oyèkànmí, ọmọ kíláàsì rẹ̀, wí, ó sì fò lọ bí ehoro. Ó dé ìlà, ó dúró de fèrè, nítorí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ padà kí ó tó dún. Fadérera náà dé. Fèrè dún, wọ́n jọ gbéra.

Tíṣà rẹ́rìn-ín: "Asúrétete kò ní í kọjá ilé, arìngbẹ̀rẹ̀ kò ní í sùn sọ́nà."

Nígbà tí ó rẹ Fadérera, tíṣà ka iye ìgbà tí ó ti sáré dé ìlà, ó sì kọ "mẹ́sàn-án" sínú ìwé, sí àlàfo iwájú orúkọ rẹ̀ tí ó ti ṣófo láti ọdún mẹ́ta.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì pa ìwé náà dé," ni Fadérera wí, ó ṣì ń wo nọ́ńbà rẹ̀.