Wáyà Tí Tẹ̀gbọ́n Tàbúrò Wé

Ọkùnrin kan wà tí ó bí ọmọkùnrin méjì, ó sì kọ́ àwọn méjèèjì ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí fáànù ẹnìkan bá jó, tàbí tí ẹ̀rọ tí ń fa omi bá kú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọn yóò gbé e wá. Yóò tú wáyà bàbà tí ó ti dúdú kúrò nínú rẹ̀, yóò fi tuntun wé e, ẹ̀rọ náà yóò sì tún máa yí. Nígbà tí ó kú, ó fi ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń fi ọwọ́ ọ̀tún ṣiṣẹ́, àbúrò ń fi ọwọ́ òsì ṣe tirẹ̀. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì dára, kò sì sí ẹni tí ó ka ọ̀rọ̀ ọwọ́ sí ohun kan.

Ohun tí ó dá ìjà sílẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ̀gbọ́n tún pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù kùn, orúkọ ara rẹ̀ nìkan ni ó sì kọ sí i. Àbúrò dé ní òwúrọ̀, ọ̀dà kò tíì gbẹ. Ó fi ìka kan orúkọ náà, ó nu ìka sí ara ṣòkòtò, ó wọlé lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá dé láàárọ̀, yóò dọ̀bálẹ̀, nítorí wọ́n kọ́ ọ nílé, ṣùgbọ́n kò ní la ẹnu. Ẹ̀gbọ́n yóò sì fi ikọ́ dá a lóhùn.

Bí ọ̀rọ̀ bá pọn dandan, ìyàwó ẹ̀gbọ́n tí ń gbé oúnjẹ wá ni wọ́n ń rán.

"Bá mi bi ọkọ rẹ kékeré bóyá ó rí ẹ̀mú mi."

"Ìyàwó wa, sọ fún wọn pé abẹ́ tábìlì ni ó wà."

Obìnrin náà yóò gbé abọ́ kalẹ̀. "Ẹ̀yin méjèèjì, ṣé èmi wá di wáyà tí ọ̀rọ̀ yín ń gba inú rẹ̀ kọjá ni? Ẹ ṣọ́ra o, n ó jó lọ́jọ́ kan!"

Báyìí ni wọ́n wà títí ẹ̀ẹ̀rùn fi dé. Ìlú náà ní kànga ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ihò tóóró tí a gbẹ́ jìn wọ inú ilẹ̀, tí a fi páìpù rọ́bà tẹ́ inú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n wá pààrọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ já sípánà ńlá kan sílẹ̀, ó sì lọ há sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ tuntun kò lè kọjá. Wọ́n fi ìkọ́ wá a, ìkọ́ kò rí ibi mú. Wọ́n so òòfà inú rédíò àtijọ́ mọ́ okùn, ó gbé sípánà náà díẹ̀, ó tún jù ú sílẹ̀. Olórí àwọn òṣìṣẹ́ ní bí irin náà kò bá jáde kí àwọn tó padà wá, àwọn yóò dí ihò náà pa, àwọn yóò sì gbé ẹ̀rọ tuntun lọ sí ìlú mìíràn. Ní àkókò yìí, omi tí àwọn obìnrin ń pọn bọ̀ láti odò ti ń dà bí omi ògì, inú sì ń run àwọn ọmọdé.

Ni Ìyálóde bá wá sí ṣọ́ọ̀bù. Kò jókòó.

"Ẹ̀yin ọmọ baba kan, wọ́n ní wáyà lè sọ irin lásán di òòfà. Òótọ́ ni àbí àlọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Ìyálóde," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Bí a bá wé wáyà yí irin ká, tí a sì jẹ́ kí iná gba inú wáyà náà kọjá, irin yẹn yóò máa fa irin ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí a bá yọ iná, yóò jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí a bá sì ṣe wé wáyà léra wọn tó ni agbára rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó."

"Ó dáa. Kí ẹ̀yin méjèèjì jọ wé e."

Ẹ̀gbọ́n mú irin kúkúrú kan tí ó ki, tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ ju orí lọ, ó bẹ̀rẹ̀. Ó wé ìpele kan lé èkejì títí apá fi ro ó. Nígbà náà ni ó gbé e sórí tábìlì àbúrò rẹ̀, ó sì jáde lọ jẹun. Nígbà ayé baba wọn, ẹni tí ó bá fẹ́ fa iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní láti sọ ọ̀nà tí òun ń yí wáyà sí kí ó tó dìde. Ẹ̀gbọ́n kò sọ ọ́. Àbúrò kò béèrè. Obìnrin tí ì bá bá wọn béèrè kò sí nílé lọ́jọ́ náà.

Àbúrò fi pépà bo iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó mú wáyà tuntun, ó sì wé iye ìpele kan náà lé e lórí. Wáyà tirẹ̀ tò bí eyín òòyà. Ó wo ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó yọjú lábẹ́ pépà, ó rí i pé ibì kan wọ́ díẹ̀ níbẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn. Ó so ìbẹ̀rẹ̀ wáyà tirẹ̀ mọ́ òpin ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó kun gbogbo rẹ̀ ní fáníìṣì, ó fi rọ́bà wé e kí omi má baà wọ̀ ọ́.

Gbogbo ìlú péjọ sí ẹnu kànga. Wọ́n gbé bátìrì ọkọ̀ wá. Ẹ̀gbọ́n ní kí àwọn kọ́kọ́ dán an wò lórí ilẹ̀. Ó fi àdá kan lélẹ̀, ó gbé irin náà lé e, ó fi wáyà kan orí bátìrì, ó sì gbé irin sókè. Àdá wà nílẹ̀.

Àbúrò fi àtẹ́lẹwọ́ kan wáyà náà. Ó ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Èyí fi hàn pé iná ń wọlé; wáyà kò já níbì kankan.

"Bátìrì yẹn ni kò lágbára," ni awakọ̀ kan wí. Wọ́n mú òmíràn kún un. Wáyà náà gbóná débi pé ọwọ́ kò gbà á mọ́, fáníìṣì ń rùn, èéfín tín-ín-rín ń yọ lẹ́nu pépà. Àdá kò mira.

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀.

"Áyọ́ọ̀nù ni wọ́n ṣe! Ẹ dúró, kí n lọ mú bùbá mi wá, kí ẹ bá mi fi lọ̀ ọ́!"

"Ẹ da epo sí i, ká fi dín àkàrà!"

"Orúkọ ara pátákó tóbi ju iṣẹ́ lọ o!"

Àbúrò gbọ́ èyí tí ó kẹ́yìn. Orúkọ tirẹ̀ kò sí lára pátákó. Bí iṣẹ́ yìí bá bàjẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ni ìlú yóò máa fi ṣẹ̀sín. Ó yọ́ lọ dúró lẹ́yìn èrò, ó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ òun fún ìgbà díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lára ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọkùnrin náà ń ṣàlàyé fún Ìyálóde bí òun ṣe ṣiṣẹ́, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ wé wáyà tí ẹnìkan kò rí nínú afẹ́fẹ́. Ọwọ́ náà ń lọ síwájú, kúrò lára ẹni. Láìmọ̀, ọwọ́ òsì àbúrò náà ti ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan rẹ̀. Ó wolẹ̀ wò ó. Tirẹ̀ ń bọ̀ sẹ́yìn, sí ara ẹni.

Ó wo iwájú. Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tí ó ti gbé korobá dání láti àárọ̀, kò sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Àbúrò la àárín èrò kọjá.

"Bọ̀ọ̀dá mi."

Ẹ̀gbọ́n yíjú bí ẹni tí kò dá ohùn náà mọ̀.

"Nígbà tí ìdí irin wà lápá ọ̀tún yín, ibo lẹ yí wáyà sí?"

"Síwájú ni."

"Ọ̀tún ni ìdí irin wà lọ́dọ̀ èmi náà. Ẹ̀yìn lèmi yí i sí."

Ẹ̀gbọ́n wo ọwọ́ àbúrò rẹ̀, ó wo wáyà tí ń rú èéfín, ó pàtẹ́wọ́. "Àdìgún!" Oríkì àbúrò rẹ̀ ni ó pè, èyí tí ó ti pẹ́ tí kò pè mọ́. "À ń jà nínú irin! Bí tèmi ṣe ń fà á síhìn-ín ni tìrẹ ń fà á sọ́hùn-ún. Èwo nínú wa ló wá ṣì í wé?"

"Kò sẹ́ni tó ṣì í wé, Bọ̀ọ̀dá mi. Bí tiyín bá dá wà, á gbé àdá. Bí tèmi bá dá wà, á gbé e. Àwa la ò bi ara wa."

"Ṣé ká tú u ni?"

"Ẹ má tú u. Ẹ jẹ́ ká yí ẹnu wáyà tèmi padà, kí iná gba ibi tó ń bá jáde wọlé. Á wá máa lọ síbi tí tiyín ń lọ."

Wọ́n yọ bátìrì kejì kúrò, wọ́n sì jẹ́ kí wáyà tutù. Ẹ̀gbọ́n di irin mú. Àbúrò tú ojú ibi tí ó ti so wáyà méjèèjì pọ̀, ó so òpin mọ́ òpin, ó sì gbé ìbẹ̀rẹ̀ wáyà tirẹ̀ lọ sí orí bátìrì. Wọn kò fi ohunkóhun kún un. Irin kò tíì kan àdá tí àdá fi fò mọ́ ọn, gbàmù! Àwọn tí ó wà nítòsí fà sẹ́yìn.

Wọ́n fi rọ́bà dí ojú ibi tí wọ́n tú, wọ́n fi wáyà gígùn so òòfà náà mọ́ bátìrì, wọ́n sì fi okùn sọ ọ́ kalẹ̀ sínú kànga. Okùn ń lọ, ó ń lọ, títí wọ́n fi gbọ́ ìró irin tí ó pàdé irin nísàlẹ̀. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò di okùn kan náà mú, wọ́n ń fà á díẹ̀díẹ̀. Orí sípánà yọ, ẹrẹ̀ ń kán lára rẹ̀.

"Ó ti jáde o! Ó ti jáde!"

Ariwo gba ìlú. Àwọn obìnrin ń lu ìdí korobá, wọ́n gbé tẹ̀gbọ́n tàbúrò lé èjìká, Ìyálóde tí kì í jó níta sì jó yí kànga ká. Nígbà tí wọ́n yọ wáyà lórí bátìrì, sípánà já bọ́ fúnra rẹ̀, ó balẹ̀ síwájú ẹni tí ó fẹ́ lọ bùbá.

"Gbé e," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Áyọ́ọ̀nù rẹ rè é."

Àwọn òṣìṣẹ́ padà dé, wọ́n bá ihò mímọ́. Ẹ̀rọ tuntun wọlé, omi gaara tú jáde, korobá ìyá àgbà ni wọ́n sì kọ́kọ́ pọn kún.

Ìwọ tí o ń gbọ́ àkàwé yìí, má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn oníwáyà nìkan ni. Wo ilé rẹ. O ń sa ipá, ẹni tí ẹ jọ ń gbé ilé náà ró ń sa ipá. Ara yín ń gbóná, ohùn yín ń ròkè, ó ń rẹ̀ yín, síbẹ̀ ohun tí ẹ fẹ́ gbé wà nílẹ̀. O wá ń sọ pé ipá ni kò tó, o ń wá bátìrì kún bátìrì. Mọ èyí: ìgbóná kò béèrè ọ̀nà. Ọ̀nà yòówù kí iná gbà nínú wáyà, wáyà á gbóná. Fífà ni ó ń béèrè ọ̀nà. Nítorí náà, má ṣe ka ooru rẹ sí iṣẹ́. Má sì yára sọ pé ẹnì kejì rẹ kò mọ nǹkan. Ó lè jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ tọ́ bí tìrẹ. Má dúró de ẹni tí yóò bá yín gbé ọ̀rọ̀ kiri. Lọ bá a lónìí, la ẹnu rẹ, kí o bi í ní ìbéèrè kékeré kan: "Ibo lò ń yí i sí?" Ẹrù tí ẹ ti ń pè ní àgbétì yóò fò wá bá yín lọ́wọ́.