Ìjàpá àti Ẹyin Méje Òjòlá

Àlọ́ o!
Àlọ̀ọ̀!
Àlọ́ mi fò pìà, ó bà sórí Ìjàpá, ó bà sórí ẹyin méje inú ihò ọ̀gán.

Ní ìgbà kan rí, ẹ̀ẹ̀rùn mú gan-an. Òjòlá ká ara mọ́ ẹyin rẹ̀ méje, kò jẹ, kò mu. Nígbà tí òùngbẹ fẹ́ pa á, ó pe Ìjàpá.

"Ìjàpá, bá mi dúró ti àwọn ọmọ mi. Mo fẹ́ dé odò."

"Ẹ máa lọ, ìyá. Mo búra, n ó ṣọ́ wọn. Ojú mi ò ní kúrò lára wọn."

Òjòlá wọ́ lọ. Ìjàpá jókòó ti ẹyin, ebi ń pa á. Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣebí ológbò náà ń ṣọ́ eku! Mo ní n ó ṣọ́ wọn, n ò ní n ó dáàbò bò wọ́n." Ó gbé ọ̀kan mì, kàló. Ojú rẹ̀ wà lára ìkejì. Ó gbé ìyẹn náà mì. Méjèèje wọlé, kò sí èyí tó fọ́.

Ó lọ nà sínú oòrùn. Ìkarahun rẹ̀ gbóná bí ìkòkò orí iná. Lọ́jọ́ kejì, nǹkan tútù kan yíra padà nínú rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, igbó dákẹ́ rọ́rọ́. Òjòlá ti dé.

"Ìjàpá, àwọn ọmọ mi dà?"

"Ìyá, mo ṣọ́ wọn títí wọ́n fi tán. Ẹ ò kúkú ní kí n dáàbò bò wọ́n."

Òjòlá kò bínú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin jẹ́jẹ́:

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ dà o?
Ìyá ń pè yín, ẹ dáhùn o!"

Ohùn wẹ́wẹ́ dáhùn láti inú Ìjàpá:

"Ìyá, a wà nínú òkùnkùn o!"

Ìjàpá fọwọ́ di ẹnu. Ohùn náà gba ihò imú rẹ̀ jáde.

Ìjàpá ké, "Ẹ gbà mí, ìyá! Nǹkan ń rìn nínú mi!"

Òjòlá rọra wé mọ́ ọn, ó fún un pọ̀. Ọmọ kan yọrí lẹ́nu Ìjàpá, ó wò ó lójú, ó wọ́ tọ ìyá rẹ̀ lọ. Òmíràn tẹ̀ lé e. Mẹ́fà jáde. Ìyá pe èyí tó kù títí, kò jáde.

"Ó ti mọ ibẹ̀ nílé," ni Òjòlá wí. "Máa gbé e kiri." Ó kó mẹ́fà lọ.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹ bá fọwọ́ kan Ìjàpá, tó fa orí wọlé, ẹ tẹ́tí. Ẹ ó gbọ́ "ṣìì". Òun kọ́. Ọmọ keje ni.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin ọmọ: kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ṣọ́ni ló ń dáàbò boni. Ẹni tó bá sì fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ yẹ ìlérí, ìlérí náà á máa bá a gbé.