Omi Tí Ń Tàn Nínú Àpáta

Ní Òkè-Àpáta, níbi tí ìkùukùu ti máa ń sinmi lórí òrùlé títí oòrùn fi ń ga, obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan wà tí ń jẹ́ Ìbídùn. Adéṣèyè, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ló tọ́ ọ dàgbà. Inú yàrá kan tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta ni Ìbídùn ti ń ṣiṣẹ́, níwájú àgbá irin kan tí sẹ́nọ́ọ̀nù wà nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni sẹ́nọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n òtútù àgbá náà ti sọ ọ́ di olómi, ó mọ́ gaara bí omi ìsun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá Adéṣèyè yà síbẹ̀, kí wọ́n lè jọ lọ kí ọmọ tuntun tí ọmọ rẹ̀ bí.

“Ìbídùn, kí ni omi yìí ń ṣe?”

“Ó ń dúró ni, Bàbá. Bí ìtànṣán tí ojú kò rí bá gbá a, àwọn èérún inú rẹ̀ a dì mọ́ra wọn ní méjì méjì. Bí wọ́n bá sì ń tú ká, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń dágbére fúnra wọn. Ojú wa kò ká ìmọ́lẹ̀ náà. Ẹ̀rọ yìí ló ń bá wa rí i.”

“Ó jọ ẹni tó ń lálàá,” ni Bàbá wí. Ó súnmọ́ àgbá náà, ó fọwọ́ lé e.

Lójú ẹ̀rọ, àmì tí ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan bíi tanátaná bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí òjò. Ìbídùn ń wò ó bí ẹni tí oorun dídùn ń gbé lọ. Lẹ́yìn náà ni ó ta jí, ó yíjú sí Bàbá.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn.”

Bí Bàbá ti ń sún, bẹ́ẹ̀ ni òjò náà ń dá.

“Kí ló wà nínú àpò yín?”

Bàbá yọ irin kékeré kan tí ń dán. “Ibi tí àwọn tó ń ṣe ọ̀nà ti kó kúrò ni mo ti rí i láàárọ̀. Mo fẹ́ fi okùn sí i, kí n so ó mọ́ ọmọ náà lọ́rùn.”

“Ẹ fi sílẹ̀, Bàbá,” ni Ìbídùn wí jẹ́ẹ́. “Ẹ jẹ́ ká jáde.”

Àwọn tó mọ bí a ti ń kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wá fi àpótí òjé gbé irin náà lọ. Ìtànṣán olóró ló kún inú rẹ̀. Bí ó bá dé ọrùn ọmọ náà ni, ikú ni ì bá fà. Ọwọ́ Bàbá bó, ó pẹ́ kó tó jinná, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà ló padà fi gbé ọmọ jó.

Láti ìgbà náà, bí ẹnìkan bá ń sunkún tí kò sì sọ ìdí rẹ̀, àwọn àgbà Òkè-Àpáta kì í kọjá lọ. Wọn a jókòó tì í, wọn a sì pa á lówe pé: “Omi kì í déédéé tàn, ohun tí ojú kò rí ló gbá a.”