Aṣọ Ọrùn Ọlọ́wọ́-Ire

"Ẹni tó bá ní òun yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò." Ta ni kò gbọ́ òwe yìí rí? Àwọn ọmọ tó ń fi fóònù ta tẹ́tẹ́ lóde òní náà mọ̀ ọ́n. Wọn a tilẹ̀ gbà á parí mọ́ni lẹ́nu, kí wọ́n tó fi owó ilé-ẹ̀kọ́ wọn ránṣẹ́ sí ilé tẹ́tẹ́ tí wọn kò mọ ojú ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ìdí òwe náà nínú yín? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi. Inú ló ń bí mi tí mo fi fẹ́ sọ ọ́, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má retí ẹ̀rín.

Obìnrin kan wà ní ìlú Ìlọ́fẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ìbídùn. Ìyá rẹ̀ darúgbó, ó sì kú. Ní ìlú yìí, àwọn ọmọ òkú ló máa ń ra aṣọ tí wọn yóò fi sin òbí wọn, aṣọ náà sì ni gbogbo ojú máa ń wò lọ́jọ́ ìsìnkú. Ọmọ tó bá fi àkísà sin ìyá rẹ̀, títí dé orí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni wọn yóò máa fi bú wọn. Ìbídùn ta àwọn ewúrẹ́ rẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀ náà mú tiwọn wá. Wọ́n kó owó ẹyọ náà fún Akínṣọlá, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, pé kó lọ ra sányán wá lọ́jà. Òkú wà nílẹ̀, aṣọ ni wọ́n ń dúró dè.

Ẹnu ọjà ni Akínṣọlá ti pàdé ọkùnrin àlejò kan tó pe ara rẹ̀ ní Ọlọ́wọ́-ire. Ọkùnrin yìí ní ilé tẹ́tẹ́ kan wà ní òdìkejì odò, pé kí àwọn ènìyàn kó owó wọn fún òun, òun yóò bá wọn fi ta tẹ́tẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá dá owó kékeré lónìí, lọ́la a gba ìlọ́po rẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó ẹlòmíràn ni ọ̀dàlẹ̀ náà fi ń san án. Ẹni tó bá dá owó ńlá, sányán ni wọn yóò dá fún un. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tó sọdá odò lọ wo ilé tẹ́tẹ́ náà. Sányán tó ń dán lórí èjìká Ọlọ́wọ́-ire ni wọ́n ń wò, ìyẹn sì tó wọn. Akínṣọlá rò ó pé aṣọ kan ṣoṣo ni owó ọwọ́ òun lè rà, pé bí òun bá ta tẹ́tẹ́, ìyá òun yóò wọlẹ̀ bí olorì. Ó kó gbogbo rẹ̀ lé ọwọ́ ọkùnrin kejì tó ń bá Ọlọ́wọ́-ire gba owó.

"Akínṣọlá, aṣọ ìyá wa dà?" Ìbídùn bi í nígbà tó dé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ti fi owó náà ta tẹ́tẹ́. Bó bá dọ̀la, aṣọ á pọ̀ débi tí a ó máa yàn."

"O fi owó aṣọ òkú ta kí ni?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Bó ṣe wà náà ló gba ọjà lọ, ó la àwọn èrò kọjá, ó dúró níwájú Ọlọ́wọ́-ire.

"Níbo ni ilé tẹ́tẹ́ yín wà? Ta ló ni ín?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ má da ọjà rú. Ojo kì í là. Ẹ wo ọrùn mi, ṣé aṣọ òtòṣì nìyí?"

Ibi tí wọ́n ti ń sọ èyí ni Baálẹ̀ ti yọ, ó ń lọ kí wọn ní ilé òkú. Gbogbo ọkùnrin tó wà níbẹ̀ tú aṣọ lọ́rùn, wọ́n wé e mọ́ ìbàdí, wọ́n dọ̀bálẹ̀, nítorí bí wọ́n ṣe ń kí Baálẹ̀ ní Ìlọ́fẹ̀ nìyẹn, onílé àti àlejò. Ọlọ́wọ́-ire nìkan ni kò tú tirẹ̀. Ó tẹrí ba díẹ̀, ó sì fi ọwọ́ di ìṣẹ́po aṣọ náà mú gírígírí ní èjìká. Ìbídùn kò gbójú kúrò lára ọwọ́ yẹn. Kí ni ọkùnrin yìí ń bò? Ó na ọwọ́, ó já aṣọ náà gbà.

Sányán náà kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Etí aṣọ nìkan ni wọ́n rán an mọ́, èyí tó ń hàn síta bí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ po sí èjìká. Àkísà gbígbó ni gbogbo ìyókù, tó ti lu jára. Ariwo sọ lọ́jà. Wọ́n na Ọlọ́wọ́-ire débi pé kò lè dìde, ṣùgbọ́n ẹnìkejì rẹ̀ ti kó owó sọdá odò. Àlọ ni wọ́n rí, wọn kò rí àbọ̀ rẹ̀.

Ìbídùn mú àkísà náà délé. Ó gbé aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀, aṣọ gidi kan ṣoṣo tó ní láyé, ó fi wé ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó so àkísà mọ́ Akínṣọlá lọ́rùn, ó ní ohun tí yóò wọ̀ tẹ̀lé òkú nìyẹn.

Akínṣọlá kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dójú tì mí láàárín ìlú."

"Ẹni tó ní òun yóò dáṣọ fún ọ, ti ọrùn rẹ̀ ló yẹ kó o kọ́kọ́ wò. O ò wò ó dáadáa nígbà tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ti wà lọ́rùn tìrẹ báyìí, máa wò ó."

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìlú ṣe rí i, tí ọ̀rọ̀ Ìbídùn sì di òwe. Àwọn àgbà máa ń pa á fún ẹni tó bá fẹ́ gba ìlérí ọlà lẹ́nu ẹni tí kò tíì yẹ̀ wò. Ilé tẹ́tẹ́ orí fóònù náà ní ọrùn. Ta ló ni ín? Níbo ló wà? Ta lo mọ̀ tó ti gba owó gidi jáde lọ́wọ́ wọn láìjà láìta? Bí wọ́n bá di aṣọ wọn mú tí wọn kò jẹ́ kó o tú u wò, ìwọ náà di owó rẹ mú.