Ìdodo Abọ́ Ike

Nígbà láéláé, nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì máa ń kọjá lára Ike tí Ike kò ní mì, ara Ike wúwo ju ọmọ odó lọ. Ó nípọn, ó ki, ó le. Bí ènìyàn bá fẹ́ gbé e, yóò kọ́kọ́ tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, yóò mí kanlẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wá lọ pe aládùúgbò.

Nítorí èyí, kò sí ẹni tó ń gbé e lọ síbì kankan. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé Àyọ̀ká ni ó ń gbé, ní ìlú kan létí odò. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó dá ilẹ̀kùn dúró lọ, kí ilẹ̀kùn má baà máa gbá.

Ìyà gbáà ni èyí jẹ́, nítorí Ike kò lè fara balẹ̀ rárá. Kò ní ẹsẹ̀, síbẹ̀ ẹsẹ̀ ń yún un. Bí adìyẹ bá kọjá, yóò bi í pé níbo ló ń lọ. Bí èèrà bá kọjá, yóò bi í pé níbo ló ti ń bọ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá wá kọjá, yóò yẹ̀ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ilẹ̀kùn lè gbá Àyọ̀ká nídìí, yóò wá máa rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ yóò fi máa gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀.

Igbá ni ará ilé rẹ̀ tó mọ ìrìn àjò. Láàárọ̀, Igbá ti dé odò. Lọ́sàn-án, ó ti dé oko. Bí ó bá wá di ìrọ̀lẹ́, yóò jókòó ti Ike, yóò máa ròyìn bí omi ṣe ń gbé ènìyàn jó àti bí òdìkejì odò ṣe rí. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń jó Ike lára. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń fi iyọ̀ sí i.

Ní ọjọ́ kan, Àyọ̀ká ru ìkòkò ẹ̀kọ gbígbóná wọlé. Ike yẹ̀. Ilẹ̀kùn gbá Àyọ̀ká níwájú orí, ẹ̀kọ sì dà kalẹ̀.

 Àyọ̀ká nu ojú rẹ̀, ó yíjú sí Ike.

"Lọ́la mò ń lọ sí oko òdìkejì odò," ó ní. "Ohun tí ọwọ́ mi bá lè gbé ni mo máa gbé. Tí mo bá dé tí mo bá ẹ níbí, màá gbẹ́ ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà yìí, màá rì ẹ́ síbẹ̀ dé ọrùn, wàá di ìtẹ̀sẹ̀. Ká wá wo bí o ṣe máa yẹ̀."

Ó bá tirẹ̀ lọ. Igbá rọra súnmọ́ Ike.

"Ìtẹ̀sẹ̀ kò burú, ọ̀rẹ́ mi. Gbogbo ayé ni yóò máa wá bá ọ, ìwọ kò ní lọ bá ẹnì kankan."

Ike kò rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n rì í mọ́ ilẹ̀! Kí ó má rí odò láéláé! Ó bẹ Igbá pé kí ó gba òun nímọ̀ràn. Igbá ní tọkọtaya kan ń bẹ ní ìsàlẹ̀ òkè, lẹ́bàá ọ̀nà odò, Akọ-irin àti Abo-irin, pé wọ́n mọ bí a ṣe ń tún ara ẹni mọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé òkúta oníwà wàhálà débẹ̀? Igbá bú sẹ́rìn-ín.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, Ike rí Ewúrẹ́ tó ń kọjá. Ó pè é, ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ní àṣírí. Ó ní Àyọ̀ká fi iyọ̀ pamọ́ sábẹ́ òun, ẹni tó bá lè ti òun kúrò ni yóò lá a. Ewúrẹ́ kò bi í lẹ́ẹ̀mejì. Ó fà sẹ́yìn, ó fi ìwo kàn án, gbì! Ike ré ẹnu ọ̀nà kọjá, ó kó sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ó ń yí gbirigbiri, ó ń kọrin. Ewúrẹ́ lá ibẹ̀ títí, kò rí iyọ̀. Títí di òní, ewúrẹ́ kò tíì dẹ́kun àtimáa lá ẹnu ọ̀nà onílé.

Iwájú àgbàlá tọkọtaya náà ni Ike dúró sí. Abo-irin ní ikùn jíjìn bí àwo ọbẹ̀. Akọ-irin ṣe róbótó níwájú, ó bá ikùn náà mu rẹ́gí. Bí wọ́n bá dì mọ́ra wọn, àlàfo tóóró ni yóò kù láàárín wọn. Ohun tó bá wọ inú àlàfo náà, bí àlàfo náà ti rí ni yóò ṣe rí. Omi tútù sì ni ọ̀rẹ́ wọn, òun ló máa ń yí wọn ká kí ara wọn má baà gbóná jù.

Ike kí wọn bí ọmọ gidi. Ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ sọ òun di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

"Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí i kí ni?" Abo-irin béèrè.

"Bí ewé, Mà."

Akọ-irin ní ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Ó ní ara tó nípọn máa ń rọra rìn dé ibi tó ń lọ, ṣùgbọ́n ara fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ eré ló ń fẹ́. Iná yóò yọ́ Ike nínú ìkòkò. Ihò kan wà tí kò ju ihò èèrà lọ, ibẹ̀ ni yóò gbà wọlé sáàárín àwọn. Bí ó bá dúró lọ́nà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú kan, ara àwọn tó tutù yóò mú un, yóò dì síbẹ̀ kó tó dé etí àlàfo náà.

"Eré kọ́ ni ìṣòro mi," ni Ike wí.

Abo-irin mi orí. "Gbọ́ mi dáadáa, ọmọ. Sáré wọlé, ṣùgbọ́n má sáré jáde. Bí a bá ti dì ọ́ mú, dúró kí Omi yí wa ká lẹ́ẹ̀méje. Lẹ́yìn náà ni n ó gé ìwọ́ rẹ, okùn tín-ín-rín tó so ọ́ mọ́ ihò tí o gbà wọlé. N ó sin ín sí ẹsẹ̀ òpó yìí lójú rẹ. Bí a ṣe ń ṣe fún gbogbo ọmọ tó ti ọwọ́ wa jáde nìyẹn. Ìwọ́ ẹni ni Ilẹ̀ fi ń dá ẹni mọ̀."

Ike ti ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, kí ó tó sọ̀rọ̀ tán. Etí rẹ̀ wà ní ojú ọ̀nà. Oòrùn ti ń yọ, Àyọ̀ká kò sì ní pẹ́ kọjá.

Wọ́n yọ́ ọ. Ara rẹ̀ pọ̀ débi pé ó tó ogójì abọ́. Èyí tó ṣíwájú nínú rẹ̀ ni yóò jẹ́ Ike fúnra rẹ̀, àwọn tó kù nínú ìkòkò ni yóò jẹ́ àbúrò rẹ̀. Akọ-irin àti Abo-irin dì mọ́ra wọn, ó di gírí. Ike gba inú ihò kọjá, fìn-ín!

Ó sáré dé àárín ọ̀nà. Ibẹ̀ ni ó ti rí i pé ẹ̀gbẹ́ Akọ-irin wà lẹ́bàá òun, ó sì dà bí ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n lè rin kí ó bú sẹ́rìn-ín. Ó dúró díẹ̀ láti rin ín.

Ó dì.

Nígbà tí wọ́n ṣí i, abọ́ kan jáde tí ètè rẹ̀ kò sí lápá kan, bí ẹnu àgbà tí eyín ti ká. Akọ-irin ní bí wọ́n bá bu ọbẹ̀ sínú èyí, itan ẹni tó ń jẹun ni yóò kọ́kọ́ yó. Wọ́n dá a padà sínú ìkòkò, wọ́n tún un yọ́.

Lẹ́ẹ̀kejì, Ike kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó sáré bí ẹni tí tanpẹ́pẹ́ wọ ṣòkòtò rẹ̀. Kí a tó ṣẹ́jú, ó ti dé etí yíká. Akọ-irin àti Abo-irin fún un mọ́ra, Omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó yí lẹ́ẹ̀kan. Ó yí lẹ́ẹ̀mejì. Ike ń retí, gbogbo ara rẹ̀ ń yún un. Ó yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ìgbà náà ni ó gbọ́ ohùn Igbá lójú ọ̀nà, lórí Àyọ̀ká.

"Ike, a ń lọ o. Ṣé kí a bá ọ kí odò?"

Omi kò tíì yí lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Bí Àyọ̀ká bá kọjá láìrí i, ìtẹ̀sẹ̀ ni, ó parí. Ike fi ìdí ti Abo-irin, ó fi inú ti Akọ-irin, ó fò jáde.

"Dúró! Ìwọ́ rẹ!" ni Abo-irin ké.

Okùn náà já fúnra rẹ̀, pàú, ó ku kùkùté kékeré sí Ike nídìí. Ike ń yí lọ, ó ń sọ lẹ́yìn pé kí wọ́n bá òun sin ín. Abo-irin ní a kì í sin ìwọ́ ọmọ tí kò sí níbẹ̀. Kò gbọ́. Ó ti dé iwájú Àyọ̀ká.

Àyọ̀ká bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ṣoṣo gbé e. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò dá a mọ̀. Ó ní nǹkan yìí dára o, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́. Ó dé e lé Igbá lórí, wọ́n sì ń lọ.

Ike rí odò. Ó léfòó lórí rẹ̀, omi gbé e jó. Ó rí òdìkejì. Ní gbogbo ọjọ́ náà, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gbé e kalẹ̀ lẹ́bàá ebè, Afẹ́fẹ́ kékeré kan fẹ́, Ike sì dìde. Inú rẹ̀ dùn. Afẹ́fẹ́ gbé e dé oko kejì, ó gbé e dé oko kẹta, ó jù ú sí ọgbà ẹlẹ́gùn-ún, ó tún yọ ọ́. Nígbà tó yá, Ike ní kí Afẹ́fẹ́ jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun sinmi díẹ̀.

"Ṣebí ìwọ lo ní o fẹ́ lọ," ni Afẹ́fẹ́ wí, ó sì tún gbé e.

Ọdún lọ, ọdún bọ̀. Ara Ike ha, àwọ̀ rẹ̀ ṣá. Ọjọ́ kan, Afẹ́fẹ́ jù ú sí ẹ̀yìnkùlé ilé Àyọ̀ká. Òkúta kan ni wọ́n ti rì sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọmọ Àyọ̀ká jókòó lé e, wọ́n ń jẹ àgbàdo, òkúta náà sì ń sùn fọnfọn. Igbá wà lórí ààtàn, ó ti fọ́ sí méjì, Ilẹ̀ ti gbé apá kan rẹ̀ mì.

"Ṣé ó ń dùn ọ́?" Ike béèrè.

"Rárá," ni Igbá wí. Kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́. "Ara ìtàkùn ni ìwọ́ mi wà, inú Ilẹ̀ ni ìtàkùn náà ti hù. Ilé ni mò ń lọ."

Ike yíjú sí Ilẹ̀. Ó ní kí Ilẹ̀ jọ̀wọ́ gba òun náà, ó ti rẹ òun.

"Níbo ni wọ́n sin ìwọ́ rẹ sí?" ni Ilẹ̀ béèrè.

Ike ní òun kò mọ̀. Ilẹ̀ ní òun kì í gbé àlejò tí òun kò mọ̀ mì.

Ike ní kí Afẹ́fẹ́ gbé òun lọ sí ìsàlẹ̀ òkè, ìyẹn nìkan ṣoṣo ni Afẹ́fẹ́ gbà fún un. Abo-irin dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní ìwọ́ náà já bọ́ padà sínú ìkòkò iná ní ọjọ́ yẹn, ó yọ́, ó dàpọ̀ mọ́ ara ọ̀kan nínú àwọn àbúrò rẹ̀.

"Èwo nínú wọn, Mà?"

"N kò mọ̀, ọmọ mi. Wọ́n gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n wọn fò jáde, gbogbo wọn sì fò bẹ́ẹ̀. Ìwọ́ tẹni kọ̀ọ̀kan wà lára ẹlòmíràn."

Láti ọjọ́ náà ni abọ́ ike ti fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ń fi í ṣeré, tí ilẹ̀ kò sì gbà á bí a bá tilẹ̀ rì í mọ́lẹ̀. Bí ó bá ṣe ọ́ bí irọ́, dojú abọ́ ike ilé yín délẹ̀, fi ìka wá àárín ìdí rẹ̀. Kùkùté kékeré kan wà níbẹ̀, ìdodo rẹ̀ nìyẹn. Bí afẹ́fẹ́ bá sì ń gbá wọn lu ara wọn lórí ààtàn, kọ̀, kọ̀, kọ̀, wọn kò jà. Wọ́n ń bi ara wọn léèrè pé: "Ṣé ọ̀dọ̀ rẹ ni tèmi wà?"