Òkété Ní Kí Wọ́n Tún Un Pín

Ààlọ̀ o!

Ààlọ̀!

Ohùn yín rọ̀ bí ẹ̀kọ àná. Àwẹ̀ró, gbé ẹnu kúrò lára àgbàdo yẹn kí o dá mi lóhùn. Ààlọ̀ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀hẹn, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ààlọ̀ mi dá lórí Òkété, ó dá lórí Ẹmọ́ tó ti jẹ́ ìyàwó rẹ̀ rí, ó wá fìdí tì sára igi pèrègún kan.

Ní ayé àtijọ́, Òkété àti Ẹmọ́ jọ ń gbé lórí òkè, wọ́n sì bímọ. Ìjà wọn kì í tán. Bí Ẹmọ́ bá kí ẹnikẹ́ni lọ́nà, owú á ti gun Òkété: ta nìyẹn, kí lo bá a sọ, kí ló dé tí o fi rẹ́rìn-ín? Nígbà tó sú Ẹmọ́, ó ní òun ò fẹ́ mọ́. Wọ́n bá gba ọ̀dọ̀ Ìyá Ìgbín lọ, olórí àwọn àgbà, tí kì í kánjú sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kó tú àwọn ká, kó sì bá àwọn pín ohun ìní àwọn.

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà náà ni. Ilẹ̀ méjì péré ni wọ́n ní: òkè tí ọ̀pẹ wà, àti àkùrọ̀ ẹ̀bá odò. Ìyá Ìgbín ní kí Òkété kọ́kọ́ mú. Òkété wo àkùrọ̀, ó rí i tí omi ṣì dúró síbẹ̀, ó yínmú. Ó ní òun mú òkè, kí Ẹmọ́ máa gbé ẹrẹ̀ rẹ̀ lọ. Ẹmọ́ ò jiyàn, ó kó àwọn ọmọ dání, ó sọ̀kalẹ̀. Wọ́n gbin pèrègún sáàárín ilẹ̀ méjèèjì kó jẹ́ ààlà. Ìyá Ìgbín ní ọ̀rọ̀ parí, ẹni tó bá hú pèrègún yìí ló tú ìpín ká.

Kò pẹ́, ẹ̀ẹ̀rùn dé. Oòrùn mú ganrínganrín. Koríko òkè gbẹ, ẹyìn orí ọ̀pẹ ò sì tíì pọ́n. Ṣùgbọ́n àkùrọ̀ ò gbẹ o! Ẹmọ́ kọ ebè, ó gbin tẹ̀tẹ̀, ó gbin ṣọkọ, ó gbin ilá. Láàárọ̀ á pọnmi, ṣàà! Lálẹ́ á pọnmi, ṣàà! Ewé wá dúdú minijọ. Gbogbo ẹranko tí ebi ń pa ló ń wá ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe ń bomi rin ín, bẹ́ẹ̀ ló ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ọwọ́ mi ni mo fi pọnmi o,
*Pèrè pèrè, pèrègún.*
Ẹ̀yìn mi ni mo fi pọnmọ o,
*Pèrè pèrè, pèrègún.*
Ẹni pè é lẹ́rẹ̀ kó má jẹ ẹ́ lẹ́fọ̀ọ́,
*Pèrè pèrè, pèrègún.*

Òkété gbọ́ orin yìí lórí òkè, ara rẹ̀ gbiná. Ẹnu ihò ló jókòó sí látàárọ̀, tó ń wo ẹni tó ń lọ sísàlẹ̀. Ó rí Ọ̀yà tó ru ẹ̀fọ́, tó ń bá Ẹmọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn ún ju ebi lọ. Obìnrin tó kọ òun ló wá ń sanra!

Ó dìde, kùgbù kùgbù, ó dọ́dọ̀ Ìyá Ìgbín. Ó ní kí wọ́n tún un pín, òun lòun ṣán àkùrọ̀ yẹn nígbà tí òun wà ní àpọ́n. Ìyá Ìgbín bi í pé ta ló kọ́kọ́ mú. Ó ní òun ni. Ìyá Ìgbín ní kó máa lọ sílé.

Ó délé, ó gbọ́ orin. *Pèrè pèrè, pèrègún.* Ó tún dìde, kùgbù kùgbù. Ó ní ọmọ òun ni àwọn ọmọ náà, ohun tó ń bọ́ wọn yẹ kó wà lọ́wọ́ òun. Ìyá Ìgbín bi í pé kí ló ti gbé fún wọn jẹ láti ọjọ́ náà. Ó tún ní kó máa lọ sílé.

Ó délé, ó gbọ́ orin. *Pèrè pèrè, pèrègún.* Lọ́tẹ̀ yìí àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń bá ìyá wọn gbè é, ohùn wọn sì ń dùn. Ìyẹn ló pa á lára jù. Lọ́sàn-án gangan, tí wọ́n lọ wẹ̀ lódò, ó sọ̀kalẹ̀, kùgbù kùgbù, ó di pèrègún mú. Ó fà á, fàà, ó hú u, gbúú! Ó rì í mọ́lẹ̀ létí omi lọ́hùn-ún, kí gbogbo àkùrọ̀ lè bọ́ síhà tirẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ewé pèrègún ti rọ, gbogbo ayé rí i.

Àwọn àgbà dé. Ẹmọ́ bú sẹ́kún, ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ pín in. Bí ẹ bá gbà á lọ́wọ́ mi, kí ni àwọn ọmọ mi máa jẹ?"

Ìyá Ìgbín ní pèrègún ti kúrò nílẹ̀, ìpín ti tú. Kí Òkété tún mú, àmọ́ kò ní sí àtúnmú mọ́ láéláé. Ó na ìwo rẹ̀ méjèèjì sójú ọ̀run, ó ní:

"Òkété, ẹnu rẹ lo fi pè é lẹ́rẹ̀. Ṣé òun náà lo fẹ́, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn?"

"Ìyá, ẹ má dá mi dúró. Àkùrọ̀ ni mo wí."

Wọ́n gbin pèrègún tuntun. Ẹmọ́ wẹ̀yìn wo ebè rẹ̀, ó nu ojú, ó kó àwọn ọmọ gun òkè.

Òkété gbẹ́ ihò sáàárín ẹ̀fọ́, ó ń jẹ tẹ̀tẹ̀, wòmù wòmù. Ẹ rò pé ọkàn rẹ̀ balẹ̀? Rárá o. Òkè ló tún ń wò, bóyá Ọ̀yà á tẹ̀ lé Ẹmọ́ débẹ̀. Kò gbójú sókè wo ọ̀run rárá.

Òjò àkọ́rọ̀ dé. Ó ní tó, tó, tó. Ó di ṣàà. Ó di wàà! Odò kún, ó ya wọ àkùrọ̀, ó ya wọ ihò, gbọ̀ọ̀! Ẹ̀fọ́ lọ, ebè lọ. Òkété lúwẹ̀ẹ́ títí, agbára káká ló fi jáde. Àwọn àgbà máa ń wí pé Òkété ní ọjọ́ gbogbo lòun mọ̀, òun ò mọ ọjọ́ mìíràn. Ọjọ́ mìíràn náà rèé.

Ó gun òkè, ó ń gbọ̀n, gbọ̀n gbọ̀n gbọ̀n. Ẹyìn ti pọ́n lórí ọ̀pẹ, Ẹmọ́ àti àwọn ọmọ ń sun ún jẹ nídìí iná. Òkété dúró sẹ́yìn pèrègún, ó ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún un pín.

Ẹmọ́ ní, "Bàbá àwọn ọmọ mi, wá yáná. Ẹyìn wà ńlẹ̀, mú jẹ. Ṣùgbọ́n pèrègún ti ta gbòǹgbò."

Ó wá yáná lóòótọ́. Èyí àbíkẹ́yìn, tí kò mọ nǹkan kan, gbé orin ìyá rẹ̀: *Ẹni pè é lẹ́rẹ̀ kó má jẹ ẹ́ lẹ́fọ̀ọ́.* Gbogbo ilé gbè é. Òkété nìkan ni kò gbè é.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ohun tí a bá ti pín, tí gbogbo wa gbà, ẹ má jẹ́ kí owú rán yín lọ tú u. Ewé tútù lẹ máa ń rí lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ kì í rí omi tó pọn.

Àwẹ̀ró, àgbàdo méjì ló kù. Ìwọ kọ́kọ́ mú. Bí o bá ti mú tán, má wo ti ẹ̀gbọ́n rẹ.