Bí Lékèélékèé Ṣe Fi Eégbọn Bo Ìfẹ́ Mọ́lẹ̀

"Àlọ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ti jẹun yó."

"Ààlọ̀ o, ìwọ tí ẹnu rẹ kì í sinmi."

Àlọ́ mi rìn, ó rìn, ó wọ ẹrẹ̀ dé orókùn, ó já sí pápá ìjẹko. Ó bá Lékèélékèé níbẹ̀. Ó bá Ẹgbọrọ Màlúù. Ó bá Ẹ̀gà olófòófó lórí ọ̀pẹ. Àwọn ni kí ẹ bi, ẹ má bi mí.

Láyé ìgbà náà, lékèélékèé kì í bá màlúù rìn. Etí odò ni ó ń gbé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, ẹja wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń jẹ. Màlúù wà ní pápá, ó ń jẹ koríko, eégbọn ń jẹ òun náà. Oníkálukú wà láyè tirẹ̀.

Ọmọdébìnrin ni Lékèélékèé yìí, kò tíì tó ilé ọkọ. Ṣùgbọ́n òkìkí rẹ̀ ti kàn ju ti ọba lọ. Kí ni ó ṣe? Kò ṣe nǹkan kan. Ó funfun ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ayé kì í bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá ń fò kọjá, àwọn ọmọdé a na ìka sókè, wọ́n a máa sáré tẹ̀lé e pé kí ó fún àwọn ní èékánná funfun. Bí ó bá sín láàárọ̀, kí oòrùn tó gbóná, wọ́n ti ń kí i pẹ̀lẹ́ ní ìlú kẹta.

Ìyá rẹ̀ wá sọ ọrùn di ọ̀pá. Bí ẹ bá kí i, ẹ óò kọ́kọ́ dúró dè é kí ojú rẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀.

Ẹgbọrọ Màlúù ń kọ́? Ọmọdé ni òun náà, ìwo rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ bí eyín ọmọ ọwọ́. Ẹrẹ̀ ni ẹ̀wù rẹ̀, ẹrẹ̀ ni fìlà rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ìyá tó bí i pàápàá, bí ó bá fẹ́ pè é, yóò kọ́kọ́ pe ọmọ mẹ́ta mìíràn. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tóbi, ìpéǹpéjú rẹ̀ sì gùn.

Lọ́jọ́ kan ó wá mumi lódò. Lékèélékèé dúró, ó ń retí kí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ bí gbogbo ayé ti ń ṣe. Kò bẹ̀ ẹ́. Omi ló ń mu.

"Olójú-ńlá," ni Lékèélékèé wí, "o ò ní tọrọ èékánná lọ́wọ́ mi?"

"Kí ni kí n fi ṣe?" ni Ẹgbọrọ Màlúù dáhùn. "Pátákò ni mo ní."

Lékèélékèé rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú sínú omi. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọlé. Ìfẹ́ kì í wo ọ̀nà tó dára kó tó wọlé.

Ṣùgbọ́n ìyá Lékèélékèé ti sọ tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Bí mo bá gbọ́ pé o ní ọ̀rẹ́kùnrin kí o tó re ìyẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, òkè odò lọ́hùn-ún ni mo ń kó gbogbo wa lọ. O ò ní fojú kan ibí mọ́ láyé." Obìnrin náà kì í sì ṣe àwàdà. Kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe.

Nítorí náà ni àwọn méjèèjì ṣe ń wá ọgbọ́n.

Lékèélékèé ní, "Èmi ni wọ́n mọ̀. Bí mo bá ti pa àwọ̀ dà, ó parí." Ó lọ yíra nínú èédú níbi tí wọ́n ti sun oko. Ó dúdú bí kóró iṣin. Ó kọjá láàárín àwọn ọmọdé, ẹnikẹ́ni kò nàka sí i. Ọ̀kan tilẹ̀ sọ ọ́ lókò. Inú rẹ̀ dùn sí òkò náà, kò jẹ irú rẹ̀ rí.

Ó dé pápá. Ẹgbọrọ Màlúù wò ó, ó ní, "Kannakánná, kúrò níbí. Mò ń retí ẹnì kan."

"Èmi ni."

"Ìwọ ta ni?"

"Èmi tí ò ń retí."

"Ẹni tí mò ń retí lẹ́wà," ni Ẹgbọrọ Màlúù wí, ó sì kàn án níwo sínú odò.

Èédú ṣí dànù. Lékèélékèé yọrí, ó funfun báláú.

"Háà, o ti dé," ni Ẹgbọrọ Màlúù wí. "Kannakánná kan ni kò jẹ́ kí n gbádùn níbí."

Ẹ̀gà rí gbogbo rẹ̀ láti orí ọ̀pẹ. Ó gbé e mì.

Ẹgbọrọ Màlúù ní, "Ó yá, ó kàn mí." Ó lọ yíra nínú ẹfun etídò. Ó funfun dé ihò imú. Ó wá lọ dúró láàárín àwọn lékèélékèé, ó ní òun ti di ẹbí.

"Ẹsẹ̀ kan la fi ń dúró," ni Lékèélékèé sọ sí i létí.

Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Ó ku mẹ́ta nílẹ̀.

"Gbé ìyókù."

"Gbogbo rẹ̀?"

Ìyá Lékèélékèé yíjú sí wọn. "Ọmọ ta nìyí tó sanra báyìí?"

"Ẹbí bàbá ni, Màámi. Òkè odò ló ti wá."

"Mo rò bẹ́ẹ̀. Ẹbí bàbá rẹ, kò sí ohun tí wọ́n mọ̀ ju oúnjẹ lọ." Ó sún mọ́ ọn. "Ọmọ, ṣé dáadáa lo fi wọ́n sílẹ̀ nílé?"

"Mùúù," ni Ẹgbọrọ Màlúù dáhùn.

"Wọ́n ṣì ń sọ èdè burúkú yẹn," ni ìyá wí. Ó pàṣẹ kí gbogbo wọn fò relé.

Gbogbo wọn gbéra. Ẹgbọrọ Màlúù náà fò. Ó fò lẹ́ẹ̀kan, ó balẹ̀. Ó fò lẹ́ẹ̀kejì, ó balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ó fi àyà lu omi gbàmù, tí ẹfun ṣí, tí ẹrẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Oríire wọn ni pé ìyá kì í bojú wẹ̀yìn nítorí ọrùn.

Ẹ̀gà tún rí i. Ọ̀rọ̀ wú u nínú bí ẹ̀wà tí kò jinná. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, ó ti dé ọ̀dọ̀ ìyá.

"Ìyá Lékèélékèé, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ mọ̀ pé èmi kì í ṣe òfófó."

"Mo mọ̀. Tètè sọ ọ́."

Orin ni Ẹ̀gà fi sọ ọ́. Ẹ bá mi gbè é.

Ẹni funfun bá ẹlẹ́rẹ̀ lọ o,
*Yẹ̀kẹ̀-yẹ̀kẹ̀.*
Ọmọ olókìkí ń fẹ́ onípátákò,
*Yẹ̀kẹ̀-yẹ̀kẹ̀.*
Ìyá ń garùn, kò rílẹ̀ o,
*Yẹ̀kẹ̀-yẹ̀kẹ̀.*

Ìyá gbéra. Gbogbo ẹbí gbéra. Àwọn ọmọdé rí wọn, wọ́n na ìka, wọ́n sáré tẹ̀lé wọn. Wọ́n dé pápá. Lékèélékèé nìyí lẹ́yìn Ẹgbọrọ Màlúù, ẹnu rẹ̀ wà nínú etí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kí ni ó ń sọ fún un? Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe èwe rí, ẹ má bi mí.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?" ni ìyá bi í.

Lékèélékèé gbójú sókè. Òkè odò ni ojú rẹ̀ ń rí.

"Mo ní kí ni ẹnu rẹ ń wá nínú etí ọmọ ọlọ́mọ?"

Ẹgbọrọ Màlúù kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà. Eégbọn ni."

"Eégbọn báwo?"

"Eégbọn etí mi ni wọ́n ń bá mi yọ, mà. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe."

Ọgbọ́n kan ṣoṣo tí ó gbọ́n láyé rẹ̀ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ló ti ń jẹ àpọ̀jẹ, tó ń wò ó bóyá ìkejì á jáde.

"Yọ ọ́ kí n rí i," ni ìyá wí.

Lékèélékèé wá inú etí. Eégbọn kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó yó bí hóró àgbàdo. Ó fà á yọ.

"Níbo lò ń kó wọn sí?"

Ọmọ tí kò jẹ ju ẹja wẹ́wẹ́ lọ rí. Ó wo eégbọn. Ó wo ojú ńlá yẹn. Ó dijú, ó gbé e mì.

"Òmíràn," ni ìyá wí. Ó gbé ìkejì mì, omi dà lójú rẹ̀.

"Òmíràn."

Ó mú ìkẹta, ó fi ahọ́n yí i kiri. "Màámi, ó mà ní iyọ̀."

"Irọ́ ni."

"Ẹ tọ́ ọ wò."

Ìyá sọ ọrùn kalẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún náà. Ó mú ọ̀kan. Ó pọ́n ọn lá. Ó mú ìkejì, kò pọ́n ọn lá mọ́, ó gbé e mì. Ó bojú wo pápá lọ títí.

"Àwọn màlúù tó wà lọ́hùn-ún yẹn," ni ó wí, "ta ló ń bá wọn yọ tiwọn?"

"Kò sí ẹnì kan, mà."

"Ẹran ń gbé lórí ẹran, àwa ń ki ọrùn bọ omi tútù kiri." Ó yíjú sí ẹbí rẹ̀. "Kí lẹ dúró ń wò?"

Ẹ̀gà ní, "Ṣùgbọ́n Ìyá, wọ́n ń fẹ́ra wọn ni."

"Ṣé o ò rí i pé ọmọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́?" ni ìyá dá a lóhùn, eégbọn kún ẹnu rẹ̀. "Ìwọ tí ò ń jókòó sórí ọ̀pẹ látàárọ̀, iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

Kí oòrùn tó kan àtàrí, màlúù kọ̀ọ̀kan ti ní lékèélékèé tirẹ̀. Àwọn ọmọdé wá olókìkí títí, wọn kò mọ èwo ni. Funfun ni gbogbo wọn. Lékèélékèé sì dá ẹnu padà sínú etí Olójú-ńlá, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ níbi tó ti já.

Ìdí nìyẹn tí lékèélékèé fi ń bá màlúù kiri títí dòní. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọn a ní iṣẹ́ eégbọn ni. Òótọ́ ni, iṣẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn ń ṣe. Ṣùgbọ́n màlúù a máa fi ìrù na eṣinṣin, a máa fi na igi, a máa fi na darandaran tó ń bọ́ ọ. Bí lékèélékèé bá ti bà lé e, ìrù náà a rọ̀ wọ̀ọ̀.

Ibi tí àlọ́ mi ti bá wọn, ibẹ̀ ni mo fi wọ́n sí. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kí ó lọ bi màlúù fúnra rẹ̀.